Èènì Tí Mo Béèrè Ní Ọjà Ẹ̀fọ́ Igbó Alátẹ

Àbúrò ìyá ìyá mi, Ọdẹ́rìndé, ọdẹ abúlé Òkè-Agbọ̀n, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Lọ́jọ́ náà, èmi àti àwọn ọmọ ilé jókòó yí i ká lábẹ́ àtíbàbà tí ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. N kò tíì mọ ìwé nígbà náà. Etí ni mo fi gbà á, inú ni mo sì fi pa á mọ́. Nísinsìnyí tí ọwọ́ mi ti mọ kálàmù, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá ní:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fà mọ́ra, ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ kí ó fún un lọ́mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń sọ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ ọdẹ ni mí, ọmọ ọmọ ọdẹ ni mí. Lọ́jọ́ tí a bí mi, awọ ìgalà ni wọ́n tẹ́ mi lé, mo sì gbóòórùn ẹ̀tù ìbọn kí n tó gbóòórùn ọmú ìyá mi. Bàbá mi mọ ẹsẹ̀ ẹranko lórí ilẹ̀ bí àgbà ahunṣọ ti mọ òwú: bí ẹtu bá kọjá lánàá, yóò sọ ibi tó ń lọ, bí òkété bá jáde láàárọ̀, yóò sọ ohun tó jẹ. Mo jogún ìbọn rẹ̀, mo jogún àpò rẹ̀, mo jogún oríkì rẹ̀. Àyà rẹ̀ nìkan ni n kò jogún, ẹ óò sì gbọ́ bí mo ti mọ̀.

Mo ní ìyàwó kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Èmi kọ́ ni ọkọ àárọ̀ rẹ̀. Akínlàbí, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ wọ ẹgbẹ́ ọdẹ lọ́jọ́ kan náà, ni ó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ìmàdò ni ó pa Akínlàbí níṣojú mi, ní ẹ̀bá odò. Mo gbé òkú rẹ̀ wálé ní èjìká mi, mo sì sọ fún gbogbo ìlú pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yìnbọn, pé mo fa ọ̀bẹ yọ, pé mo bá ẹranko náà wọ̀jà títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n sunkún, wọ́n sì yìn mí. Nígbà tí Àwẹ̀ró bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, tí wọ́n fẹ́ ṣú u lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, wọ́n to fìlà ọkùnrin mẹ́rin sórí ẹní níwájú rẹ̀ pé kí ó mú ti ẹni tí ó wù ú. Tèmi ni ó mú. Ó ní, “Ẹni tí ó bá ọkọ mi dé ojú ikú, òun ni kí ó máa bá mi gbé.” Ọdún mọ́kànlá ni a fi jẹ nínú àwo kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú ti fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀.

Ní ọdún kejìlá, ọ̀fun Àwẹ̀ró dí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé egungun ẹja há a lọ́fun. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, iyán kò lọ, ẹ̀kọ kò lọ, omi gan-an ń gba imú rẹ̀ jáde. Ohùn rẹ̀ lọ pátápátá. Ara rẹ̀ gbẹ bí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n sá sórí àpáta, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ṣe é, ó rẹ̀ wọ́n. Ilé ìwòsàn ṣe é, wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sílé. Mo pa ẹtu, mo pa ọ̀yà, mo fún omi ẹran sí i lẹ́nu bí a ti ń bọ́ ọmọ ẹyẹ, ó sì tú u jáde. Ìyá Ràńtí, àbúrò ìyá rẹ̀, arúgbó tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ni ó pè mí sẹ́yìn ilé.

Ó ní, “Àna mi, ẹran lo ń pa kiri bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìyàwó. Ẹran kò lè ṣí ọ̀fun tó dí.”

Mo ní, “Ìyá, kí ni ó lè ṣí i?”

“Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀fọ́ kan ń hù lẹ́yìn àkìtàn tí à ń pè ní aṣíọ̀fun. Ewé rẹ̀ rí bí ahọ́n, igi rẹ̀ pupa. Arúgbó tí omi ń há lọ́fun, òun ni a ń sè fún un. Nígbà tí kòkó dé, gbogbo wa kọjú sí kòkó. A gbin kòkó títí kan ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni kò sì tọ́jú irúgbìn aṣíọ̀fun mọ́. Ó parẹ́ lójú wa.”

“Ó ti parẹ́, ẹ sì tún ń sọ ọ́ fún mi?”

“Dákẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Ẹ̀fọ́ tí ènìyàn bá kọ̀ sílẹ̀, àwọn iwin ni í ṣà á. Wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ nínú Igbó Alátẹ, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji ènìyàn bá wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.”

Mo bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹnì kan ti lọ rí?”

“Wọ́n ti lọ.”

“Wọ́n bọ̀?”

Ó rín ẹ̀rín tí kò kan ojú rẹ̀. Ó ní, “Àna mi, bí wọ́n bá ti bọ̀ ni, àwọn ni ò bá máa bi, kì í ṣe èmi.”

Mo wọlé, mo wo Àwẹ̀ró lórí ẹní. Ó fi ìka méjì kan ọ̀fun rẹ̀, ó sì mi orí sí mi, bí ẹni pé kí n má ṣèyọnu mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó lé mi jáde. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo sì kọrí sí Igbó Alátẹ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti wọ igbó púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbà mí bí igbó yẹn ti gbà mí. Igbó mìíràn a máa fi ẹ̀gún dí ọ̀nà, a máa fi òkùnkùn lé àlejò; èyí ṣí sílẹ̀ fún mi bí ẹnu tí ebi ń pa. Bí mo ti ń wọlé ni àwọn ẹyẹ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí àgbà bá wọ àárín àwọn ọmọdé. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, síbẹ̀ ewé ń mì. Mo tẹ igi gbígbẹ, kò dún. Mo wúkọ́, n kò gbọ́ ikọ́ mi. Nígbà tí ó yá, ohùn mi dé láti ọ̀nà iwájú, ikọ́ tí mo ti wú lẹ́ẹ̀kan, ó ń wú padà bọ̀ wá bá mi láti ọ̀fun ẹlòmíràn. Mo fẹ́ padà, mo sì rántí ìka méjì lórí ọ̀fun Àwẹ̀ró, mo tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Oòrùn gun òkè orí, òjìji mi sì fà wọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbín tí ń wọ ìkarahun. Nígbà náà ni mo rí ẹni tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Olójú-Orúnkún ni wọ́n ń pè é. Ó ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì sókè, ojú kọ̀ọ̀kan sì wà lórí wọn, ó tóbi bí ọsàn, kì í ṣẹ́jú. Níbi tí ó yẹ kí ojú wà lórí rẹ̀, koríko wẹ́wẹ́ ni ó hù. Ohùn rẹ̀ ń ha bí ọmọ ọlọ lórí ìyá ọlọ.

Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, ta ni ó gbé ọ wá? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni, tàbí ojú rẹ, tàbí ikùn rẹ?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá, ọ̀fun ẹlòmíràn ni ó gbé mi wá.”

“Ọ̀fun ẹlòmíràn! Ẹrù wúwo nìyẹn. Ẹran mélòó ni o ti pa láti ọjọ́ tí o ti ń dọdẹ?”

“Bàbá, n kò lè kà á tán.”

“Ẹ̀fọ́ mélòó ni o ti gbìn?”

Mo wo ilẹ̀. Ojú orúnkún òsì rẹ̀ yí sí mi, ti ọ̀tún sì ń wo ìbọn mi.

“Mo ní ẹ̀fọ́ mélòó?”

“N kò gbin ọ̀kan rí, bàbá. Àwọn obìnrin ilé wa ni wọ́n ń gbìn ín.”

Ó ní, “Ẹni tí ń mú tí kì í dá padà, tí ó sì mọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a lè jẹ́ kí ó kọjá. Gbé igi ariwo yẹn sílẹ̀. Sì gbọ́ èyí: ọjà wa kò mọ owó. Ní tiyín, òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni ẹ fi ń ra èké. Òtítọ́ ni àwa ń ná níhìn-ín, òtítọ́ tí o kò tíì sọ fún ẹ̀dá kankan rí. Bí o bá san ayédèrú, a kò ní nà ọ́, a kò sì ní pa ọ́.”

Mo ní, “Bàbá, kí ni ẹ óò fi mí ṣe?”

“A óò gbìn ọ́.”

Mo fi ìbọn bàbá mi sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì wọlé bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú.

Ọjà náà tẹ́ lọ lábẹ́ àwọn igi ńlá, àtẹ lórí àtẹ, kò sì sí ariwo níbẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ọjà tí ó kún, tí kò sí ẹni tí ń polówó! Àwọn iwin jókòó ti ẹrù wọn; òmíràn gùn bí ọ̀pá àgbàlá, òmíràn kúrú bí àpótí ìjókòó, òmíràn kò ní orí rárá, ọwọ́ méje nìkan ni ó fi ń to ẹ̀fọ́. Mo rí tẹ̀tẹ̀ tí igi rẹ̀ nípọn bí apá ọmọdé, nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, iṣan sì ń sọ nínú rẹ̀. Mo rí ṣọkọ funfun báláú, omi ń kán láti etí ewé rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹni tí ó ń tà á sì ń fi aṣọ nù ún bí a ti ń nu ojú ọmọ tí ń sunkún. Mo rí ilá tí ó ní èékánná. Mo rí ìgbá tí ó tó orí ọmọ jòjòló, ó la ẹnu, mo sì rí eyín. Mo rí gbúre tí ewé rẹ̀ rí bí etí ewúrẹ́. Bí mo ti ń rìn ni gbogbo wọn ń yí tẹ̀lé mi, wọ́n ń gbọ́ bí àyà mi ti ń lù. Mo rí ẹ̀bọ́lọ́ kan tí òórùn rẹ̀ jẹ́ òórùn ilé ìdáná ìyá mi gan-an, ìyá mi tí ó ti kú láti ogún ọdún, omijé sì bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀. Gbogbo èyí tí àwọn baba ńlá wa ti jẹ rí, tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n gbàgbé orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, ó ti dàgbà nínú ìbínú.

Àtẹ kan wà tí n kò ní gbàgbé láé. Ẹ̀fọ́ orí rẹ̀ ká jọ bí òdòdó, nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ wò ó, ojú ènìyàn ni ó wà láàárín ewé náà, ojú ọkùnrin tó ti dàgbà, ó ní ilà. Ó la ẹnu wẹ́rẹ́, ó ní, “Arákùnrin, jọ̀wọ́, ṣé ọ̀nà Òkè-Agbọ̀n lo ti wá? Ìyàwó mi ńkọ́? Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn?” Kí n tó fèsì, iwin tí ó ni àtẹ bu omi wọ́n ọn lójú, ó ní, “Dákẹ́ kí o hù.” Ọkùnrin náà pa ojú dé. Ìbẹ̀rù ni ó gbé mi débi àtẹ tí ó kàn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí aṣíọ̀fun. Ewé rẹ̀ rí bí ahọ́n, igi rẹ̀ pupa, bí Ìyá Ràńtí ti wí. Ẹni tí ó ń tà á jẹ́ obìnrin, ewé ni irun orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ìyá tí kò bínú rí. Ìyá Onírunewé ni mo pè é.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ kú ọjà, ìyá. Ẹ kú ìpàtẹ. Èló ni ẹ̀fọ́ yìí?”

Ó ní, “Mélòó ni o ní lọ́wọ́?”

Ẹ mọ̀ pé bí a ti tọ́ wa nìyí: a kì í sọ iye tó wà lápò nígbà àkọ́kọ́. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń ná ọjà. Mo ní, “Ìyá, nígbà tí mo wà ní kékeré, mo jí ẹran nínú ìkòkò ìyá mi, wọ́n sì na ọmọ orogún rẹ̀ nítorí rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rún ni. Àtẹ mi kì í gba ẹ̀rún.”

Nǹkan gún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo wolẹ̀, mo sì rí i pé ìka ẹsẹ̀ mi ti gùn, ó ti wọ ilẹ̀. Mo fà á, kò wá. Òógùn bò mí.

“Ìyá, ẹ ṣàánú mi! Mo fi kún un. Mo yìnbọn pa abo ìgalà kan tí ó lóyún, mo sì mọ̀ pé ó lóyún kí n tó yìn ín. Mo sọ nílé pé n kò mọ̀.”

“O ti ń bọ̀,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n kò tíì dé. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀mí ènìyàn kì í fi ẹ̀mí ẹran ná an.”

Gbòǹgbò gun ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó gun ojúgun mi. Orúnkún mi le bí igi. Ewé kékeré kan yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìka ọwọ́ mi, ó tutù, ó sì rọ̀. Gbogbo àwọn iwin ọjà ti yíjú sí mi, ẹni tí ó ní ojú kan, ẹni tí ó ní ogún. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ìyá yìí ti mọ iye tó wà lápò mi láti ìgbà tí mo ti kí i.

Mo sunkún, mo sì sọ ọ́. Mo ní, “N kò yìnbọn lọ́jọ́ tí Akínlàbí kú. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìmàdò náà jáde, igi ni mo gùn. Akínlàbí wà nísàlẹ̀, ó ń pè mí, mo sì di ẹ̀ka igi mú títí ó fi dákẹ́. Ọ̀bẹ tí mo fi han ìlú, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni. Irọ́ ni mo fi fẹ́ ìyàwó rẹ̀.”

Ìyá náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ó mu omi tútù lẹ́yìn oko. Gbòǹgbò ẹsẹ̀ mi gbẹ, ó sì ń kán wẹ́wẹ́ bí igi àfòmọ́. Ó já aṣíọ̀fun ìdì kan, ó fi ewé eéran wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Tìrẹ nìyí,” ni ó wí. “O ti san án.”

Ìhín gan-an ni mo ti ba ara mi jẹ́. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Ta ni nínú yín tí yóò ra ẹ̀fọ́ tí kò ní sọ ohun tí mo sọ? Ọkàn mi ti balẹ̀, ẹrù ti wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀ bí ó ti máa ń là ní gbogbo ọjà ayé. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, “Ìyá dáadáa, ẹ fi èènì sí i fún mi.”

Ṣọkọ dẹ́kun ẹkún. Gbúre ká etí rẹ̀ kò. Iwin tí ó ní ọwọ́ méje fi méjèèje bo àyà.

Ìyá Onírunewé wò mí pẹ̀lú àánú. “Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.” Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àtẹ, ó bu irúgbìn dúdú kín-ún kín-ún sí mi lọ́wọ́. “Èènì mi nìyí. Gbìn ín, kí ó má tún parẹ́ mọ́. Tìrẹ dà?”

“Tèmi kẹ̀, ìyá?”

“Ní ọjà wa, ẹni tí ó gba èènì a máa fi èènì sílẹ̀. O sọ òtítọ́ rẹ fún mi, èmi kọ́ ni mo sì ni ín. Èènì rẹ ni pé kí o tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, fún ẹni tí ó ni ín. Bí irúgbìn yẹn bá yọ ewé kẹta tí o kò tíì sọ ọ́, ọ̀fun tí ẹ̀fọ́ mi bá ṣí yóò padà dí, kò sì ní sí aṣíọ̀fun tí yóò tún ṣí i.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ gba èènì yín padà!”

Ó ní, “A kì í gba èènì padà. Máa lọ, ọ̀sán ń yẹ̀.”

Bí mo ti padà délé, n kò lè sọ. Mo mọ̀ pé mo sáré, mo mọ̀ pé mo gba ìbọn mi lọ́wọ́ Olójú-Orúnkún, mo sì mọ̀ pé ikọ́ mi ń wú lẹ́yìn mi títí mo fi rí òrùlé ilé wa. Ìyá Ràńtí gba ẹ̀fọ́ náà. Ó ṣà á, ó fọ̀ ọ́, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó fi epo àti irú sè é títí ó fi rọ̀. A gbé Àwẹ̀ró jókòó, a fi díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó há. Mo di ìkúùkù. Ó tún gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ dún, ó sì wọlé. Ó gba òmíràn. Ó gba àwo lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ó jẹ ẹ́ tán, ohùn tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ jáde wá, ó ní, “Ta ló se ọbẹ̀ yìí tí kò fi iyọ̀ sí i?”

Ìyá Ràńtí lu ọwọ́ pọ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ẹnu! Òkú àná ni ó ń wá iyọ̀ lónìí!”

Mo gbin irúgbìn náà sẹ́yìn ilé ìdáná. Èmi tí n kò gbin ẹ̀fọ́ rí, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kì í ṣe nítorí kí ó lè hù, bí kò ṣe pé n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó hù. Ó yọ ewé kìíní. Mo ní ara Àwẹ̀ró kò tíì le tó ẹni tí a ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Ó yọ ewé kejì. Mo ní kí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ lọ ná ọjà àkọ́lọ rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn. Ó ti ń sanra, ó ti ń kọrin nídìí ọlọ, ó sì ń pè mí ní “ọkọ mi tó bá iwin nájà.” Gbogbo ìlú tún ń yìn mí. Mo ń jẹ ìyìn náà, ó sì ń korò lẹ́nu mi ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ. Ẹ̀rù igbó yẹn kéré sí ẹ̀rù ewé méjì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí ewé kẹta, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó mú ṣónṣó bí orí abẹ́rẹ́. Ní àkókò náà ni mo gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń wúkọ́ nínú ilé. Mo sáré wọlé. Ó gbé àwo ọbẹ̀ dání, ó fi ìka méjì kan ọ̀fun rẹ̀. “Kò sí nǹkan,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń há. “Omi lásán ni ó pá mi lórí.”

Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti igi tí mo gùn, mo sọ ti ẹ̀tù tí n kò yìn, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ orí ọ̀bẹ. Bí mo ti ń sọ ni mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ tí ó ń já gaara.

Ó gbé àwo náà kalẹ̀. Ó ní, “Ó pè ọ́?”

“Ó pè mí.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta.”

“Orúkọ wo ni ó fi pè ọ́?”

N kò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n mo dáhùn. “‘Ọmọ ìyá mi.’ Bẹ́ẹ̀ ni ó pè mí.”

Àwẹ̀ró kò kígbe, kò bú mi. Ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀ tán, òkèlè kan kò há a lọ́fun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí n tó sọ ìyókù, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ má sì rò pé ẹ ti san gbèsè òtítọ́ nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ nínú igbó, lójú àwọn tí kò kàn. Ẹni tí ẹ jẹ ẹ́ ni kí ẹ wá lọ. Ẹ tọ́jú irúgbìn ẹ̀fọ́ àwọn ìyá yín, kí ẹ má bàa lọ rà á níbi tí mo ti rà á. Ìyá Ràńtí bi mí lẹ́yìn náà bóyá mo kábàámọ̀ èènì tí mo béèrè. Mo ní n kò mọ̀. Títí di òní, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Àwẹ̀ró wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ń sọ̀rọ̀ ní ìlú àwọn bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ fún un yẹn, ó fọ àwo náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí pẹpẹ. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú igbá. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó hú ìdajì aṣíọ̀fun pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó fi ewé wé e, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún mi. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó gba ojú ọ̀nà odò lọ, ọrùn rẹ̀ tọ́ gangan lábẹ́ ẹrù, kò sì wẹ̀yìn.